Ìrìn àjò afẹ́ sí Málítà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kíní

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó fẹ́ lọ ṣe fàájì ní Málítà máa ń béèrè jù, ì báà jẹ́ Èkó ni wọ́n ti ń gbéra tàbí London. Kò di dandan kí ẹ kà á tẹ̀léra. Ẹ wá èyí tó kàn yín. Ṣùgbọ́n ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: bó bá jẹ́ yanrìn gbọọrọ àti igi àgbọn lẹ ń wá, ẹ wá ibòmíràn lọ. Òkun Málítà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n òkúta ló yí i ká. Ohun tí erékùṣù náà fi ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ni ilé àtijọ́ rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀.

Níbo gan-an ni Málítà wà, báwo ló sì ṣe tóbi tó?

Àárín Òkun Mẹditaréníà ló wà, nísàlẹ̀ Sísílì ti àwọn ará Ítálì; nǹkan bíi kìlómítà 90 omi ló wà láàrin wọn. Tí èèyàn bá ń tukọ̀ lọ sí gúúsù láti ibẹ̀, Lìbíà ni yóò gúnlẹ̀ sí. Erékùṣù 3 ni èèyàn ń gbé nínú orílẹ̀-èdè náà: Málítà fúnra rẹ̀, Gozo tó tẹ̀lé e, àti Comino tí èèyàn inú rẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ kà. Gbogbo ilẹ̀ wọn pátá jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 316. Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní kékeré fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ìyẹn lọ. Èèyàn tó lé ní 500,000 ló sì há síbẹ̀, débi pé àlejò kì í mọ ìgbà tí òun kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

Òyìnbó Britain ló ṣe ìjọba lé wọn lórí títí di 21 September 1964, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tiwa. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní 2004, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná yúrò ní 2008.

Ṣé òun ni Mélítà inú Bíbélì, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti rì?

Òun ni àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ó jẹ́, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà. Ìtàn náà wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27 àti 28: èèyàn 276 nínú ọkọ̀ kan, ìjì tó ń gbé wọn kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ fọ́, gbogbo wọn gúnlẹ̀ láàyè, àwọn ará erékùṣù dáná fún wọn nítorí òjò àti òtútù, paramọ́lẹ̀ so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kò sì rí i gbé ṣe. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀.

Ibi tí wọ́n ní ọkọ̀ náà ti fọ́ ni wọ́n ń pè ní St Paul's Bay. Erékùṣù bíńtín kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n gbé ère Pọ́ọ̀lù sí, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì máa ń gbé àlejò gba ìtòsí rẹ̀. Ní Rabat, lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́ Mdina, ihò àpáta kan wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbà pé inú rẹ̀ ni àpọ́sítélì náà gbé. Àwọn ibojì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní St Paul's Catacombs kò jìnnà síbẹ̀. Ní Valletta, olú ìlú wọn, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's Shipwreck lọ, níbi tí wọ́n ní egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wà. 10 February lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé ère rẹ̀ yí ìgboro ká. Ẹ ka orí méjèèjì yẹn nínú ọkọ̀ òfurufú nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ó wúlò ju ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà tí wọ́n ń tà ní pápákọ̀ lọ.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní. Ṣé mo nílò físà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti December 2007 ni Málítà ti wà nínú àdéhùn Schengen, èyí tó so ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ibodè, físà Schengen onígbà kúkúrú lẹ sì máa gbà. Òfin ní ọjọ́ 90 nínú 180 ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sórí físà yín lẹ ní, ó sì lè má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà láti June 2024, ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san yúrò 45, ọmọ tí kò tó 6 kì í san nǹkan kan. Iléeṣẹ́ tó ń gba ìwé lọ́wọ́ èèyàn lè bu owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e.

Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún, kó má sì tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é, kí ojú ewé méjì ṣófo nínú rẹ̀. Ẹ ó tún fi ìwé inṣọ́ránsì ìrìn àjò tó tó yúrò 30,000 sí i, ibi tí ẹ máa dé sí, ètò ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, sítétímẹ́ǹtì báńkì, àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ tàbí ìwé òwò yín. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lu àkáǹtì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn tó ń yẹ ìwé náà wò ti rí irú rẹ̀ rí, wọn á sì béèrè ibi tó ti wá.

Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 15 yẹn ń fi iná ṣeré ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa dé ju orílẹ̀-èdè kan lọ, èyí tí ẹ máa lo ọjọ́ jù nínú wọn lẹ máa gba físà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gba físà Málítà nítorí pé ẹnì kan ní ó rọrùn, kí ẹ wá lọ lo gbogbo ọjọ́ yín ní Paris. Ẹni tó bá sì fọwọ́ sọ̀yà pé físà yín ti dájú, ẹ di àpò yín mú. Kò sí ẹni tó ní àṣẹ yẹn lẹ́yìn ìjọba tó ń fún un.

Britain ni mo ń gbé. Ṣé ìwé ìgbélùú mi kò tó?

Kò tó. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà bá ṣì lẹ ń lò, físà Schengen ṣe dandan fún yín. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Britain kò nílò rẹ̀ fún ìbẹ̀wò tí kò ju ọjọ́ 90 lọ, àmọ́ láti October 2025 ni Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka wọn lẹ́nu ibodè, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìlà tó gùn.

Ọkọ̀ òfurufú wo ló ń lọ?

Láti Nàìjíríà, kò sí èyí tó lọ tààrà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba Istanbul tàbí Frankfurt kọjá. Láti London kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ, owó rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́ fún ẹni tó bá tètè rà á.

Ohun kan tí àlejò kì í mọ̀: tí ẹ bá gba Frankfurt, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ ìwé yín wò láti wọ ilẹ̀ Schengen. Òṣìṣẹ́ ọmọ Jámánì ló máa bi yín pé kí lẹ ń wá lọ sí Málítà. Nítorí náà ìwé òtẹ́ẹ̀lì, inṣọ́ránsì àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kó má ṣe wà nínú àpótí tó ti wọ ikùn ọkọ̀ lọ.

Ìgbà wo ló dára jù?

Ìparí September sí àárín October ni tèmi. Oòrùn ti rọ̀, omi òkun ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, èrò ti dínkù, ẹja lampuki sì ti wọ ọjà. May àti June náà dára fún ẹni tó fẹ́ rìn kiri, ṣùgbọ́n omi ṣì máa ń tutù ní May.

July àti August ni kí ẹ sá fún bí àyè bá wà. Ẹ lè rò pé ọmọ ilẹ̀ olóoru ni yín, pé kò sí oòrùn tó lè ṣe yín ní nǹkan. Oòrùn ibẹ̀ yàtọ̀: òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, igi kò pọ̀, òkúta ilé àti ti ojú pópó ló ń dá ooru padà sára èèyàn. Gbogbo Yúróòpù ló tún gba ìsinmi lákòókò kan náà, owó òtẹ́ẹ̀lì á wá lọ sókè. Ohun tó dára nínú oṣù wọ̀nyẹn ni festa, ọdún ẹni mímọ́ tí abúlé kọ̀ọ̀kan ń ṣe pẹ̀lú fèrè, ìlù àti báńgà tó ń dún láti àárọ̀. 15 August ni èyí tó tóbi jù, ọdún Màríà Wúńdíá.

Ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ nílé ni òjò tiwọn máa ń rọ̀. Kì í tutù bíi ti London, àmọ́ ilé olókùúta wọn máa ń di òtútù mú, ẹ mú súwẹ́tà dání.

Etíkun wo ni kí n lọ?

Ó kù sí ẹni tí ẹ bá lọ. Tó bá jẹ́ tẹbítọmọ, Mellieħa Bay, tí wọ́n tún ń pè ní Għadira. Òun ni etíkun oníyanrìn tó gùn jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, omi rẹ̀ kò sì jìn: ọmọdé lè rìn wọ inú omi lọ jìnnà kó tó kàn án ní àyà. Bọ́ọ̀sì máa ń dúró lẹ́bàá rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, Għajn Tuffieħa ni mo máa rán yín sí. Golden Bay tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì àti ariwo; Għajn Tuffieħa ní àtẹ̀gùn gígùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn ló sì ń lé àwọn ọ̀lẹ dànù. Ẹ débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ní Gozo, Ramla l-Ħamra ní yanrìn pupa rúsúrúsú, òun ni ó sì dùn ún wò jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi yòókù, òkúta pẹrẹsẹ ni. Láti Sliema títí dé St Julian's, orí òkúta ni àwọn ará ibẹ̀ ń tẹ́ aṣọ sí, wọn á sì ti ibẹ̀ bẹ́ sínú omi jíjìn. Ẹni tí kò bá mọ̀wẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara wé wọn. Bàtà rọ́bà tó ṣeé wọ̀ wọ inú omi yóò gba àtẹ́lẹsẹ̀ yín là, torí òkúta náà mú, ó tún ń yọ̀.

Ẹ máa wo àsíá. Pupa túmọ̀ sí pé ewu wà. Pupa méjì, ẹ má wọ omi rárá. Èyí tó ní àwọ̀ àlùkò ń sọ pé jellyfish wà nínú omi, ó sì ń tani bí ewé èèsì. Lórí aṣọ: aṣọ ìwẹ̀ jẹ́ ti etí òkun. Ẹ má wọ̀ ọ́ wọ ìgboro, obìnrin kò sì gbọdọ̀ ṣí àyà sílẹ̀ létí omi. Òfin lòdì sí i.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ nípa Blue Lagoon. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Omi rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Comino, ó sì mọ́ débi pé òjìji ọkọ̀ ń hàn lórí yanrìn nísàlẹ̀. Èrò ibẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn mọ́ mi. Ọkọ̀ lórí ọkọ̀, orin lórí orin, ilẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sí kò sì tó nǹkan. Nítorí wàhálà yìí ni ìjọba ṣe pa á láṣẹ láti 2025 pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú àyè àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé omi mímu dání.

Ojú fèrèsé àpáta tí mo rí nínú fọ́tò ńkọ́?

Azure Window ti wó lulẹ̀ ní 8 March 2017, ìjì ló gbé e lọ. Awakọ̀ tàbí atọ́nà tó bá ń fi fọ́tò rẹ̀ polówó ọjà ń tàn yín ni. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn Dwejra ní Gozo, ṣì dára láti dé.

Kí ni kí n jẹ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú pópó. Pastizzi ni oúnjẹ mẹ̀kúnnù ibẹ̀: ìyẹ̀fun tí wọ́n nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn, tí wọ́n fi wàrà ricotta tàbí ẹ̀wà pòpòǹdó sínú rẹ̀, tí wọ́n wá yan án títí tó fi ń dún kánrúnkánrún lẹ́nu. Ọ̀kan kì í sábà tó yúrò kan. Ilé ìtajà tí wọ́n ń pè ní Is-Serkin ní Rabat ni ẹnu àwọn ará ibẹ̀ kò yé sọ, àárín òru pàápàá ẹ máa bá èèyàn níbẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè irú ọ̀rá tí wọ́n lò kí ẹ tó rà á, torí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ohun tí àwọn kan fi ń po ìyẹ̀fun.

Búrẹ́dì wọn ni mo fẹ́ràn jù. Ftira rí bí òrùka, ẹ̀yìn rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé dáàbò bò ní 2020. Wọn á là á, wọn á fi tòmátò pa á lára, wọn á da òróró ólífì sí i, ẹja túnà, ólífì àti àlùbọ́sà tẹ̀lé e. Ìdajì rẹ̀ tó oúnjẹ ọ̀sán. Ní Gozo, ftira jẹ́ nǹkan mìíràn: pẹlẹbẹ ni, wọ́n ń to ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ kí wọ́n tó tì í bọ inú ààrò.

Lẹ́yìn náà ni ehoro. Fenek ni wọ́n ń pè é, òun ni oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Tí ẹbí bá pé jọ lọ jẹ ẹ́, fenkata lorúkọ àpèjẹ náà: wọn á kọ́kọ́ gbé sípágẹ́tì tí wọ́n fi ọbẹ̀ ehoro sè wá, ẹran fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀lé e, sísè pẹ̀lú wáìnì tàbí díndín pẹ̀lú áyù. Ẹnikẹ́ni kì í kánjú nídìí rẹ̀. Abúlé Mġarr tó wà ní Málítà ni wọ́n ń lọ fún un; ẹ ṣọ́ra o, Mġarr mìíràn wà ní Gozo tó jẹ́ èbúté, àlejò tó ń wá ehoro ti dé ibi ọkọ̀ ojú omi rí.

Ẹja lampuki máa ń dé láti nǹkan bí ìparí August títí di December. Bí wọ́n ṣe ń pa á wù mí: apẹja á fi ìmọ̀ ọ̀pẹ tó léfòó ṣe ìbòòji sórí omi, ẹja á wá sá sábẹ́ ìbòòji náà, wọn á fi àwọ̀n ká a mọ́bẹ̀. Díndín ló dùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹja lóríṣiríṣi, kó lọ sí Marsaxlokk ní àárọ̀ Sunday, níbi tí ọjà ẹja wà létí èbúté tí àwọn ọkọ̀ luzzu gúnlẹ̀ sí, ofeefee, búlúù, pupa, pẹ̀lú ojú méjì tí wọ́n yà síwájú kọ̀ọ̀kan fún ààbò. Ẹ débẹ̀ ṣáájú agogo mẹ́sàn-án. Bó bá ti di ọ̀sán, aṣọ àti ìṣeré ọmọdé ló kù lórí àtẹ.

Ẹ tún tọ́ bigilla wò, ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ áyù. Ọbẹ̀ ẹja aljotta. Wàrà ġbejna láti Gozo. Àti imqaret, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi dàbínù sínú rẹ̀ tí wọ́n sì dín in gbóná. Kinnie ni ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wọn láti 1952, ọsàn kíkorò ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan kì í mu ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ata wà níbẹ̀? Ṣé mo lè gbé oúnjẹ láti ilé?

Ata wọn kì í ta. Ẹ di ata gígún yín dání, kò sí ẹni tó máa bá yín wí. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe ni òfin Yúróòpù kò gbà láti Nàìjíríà: kò sí kílíṣí, kò sí pọ̀nmọ́, kò sí sùyà, bó ti wù kí wọ́n dì í tó. Ewé tútù àti iṣu náà nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹ fi wọ́n sílé.

Kí ni kí n wò ní Valletta?

Valletta ni olú ìlú, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín já. Ní 1565 ni ogun Tọ́kì gbógun ti erékùṣù náà. Àwọn ajagun onísìn tí wọ́n ń pè ní Knights of Saint John dúró gbọin, àwọn Tọ́kì sì padà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀gá wọn, Jean de Valette, fi ìpìlẹ̀ ìlú tuntun lélẹ̀ lórí òkè tó dá yọ sínú òkun, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Òkúta ẹfun aláwọ̀ oyin ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí wọ́n fi pákó ọlọ́dà pa mọ́.

Kàtídírà St John's ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fo. Ìta rẹ̀ kò jọ nǹkan kan, bí ilé ogun ló rí. Ẹ wọlé, ẹ ó rí wúrà láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ibojì mábù tó tó 400 ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbárí, áńgẹ́lì àti orúkọ ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Nítorí wọn ni kò fi sí àyè fún bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó. Ẹ bo èjìká àti orúnkún. Nínú yàrá kan ni àwòrán Caravaggio wà, ti 1608, níbi tí wọ́n ti bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Òun nìkan ni iṣẹ́ tí ayàwòrán náà bu ọwọ́ lù, inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nílẹ̀ ló sì kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ jókòó tì í díẹ̀.

Tó bá ku díẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán lù, ẹ gba ọgbà Upper Barrakka lọ. Wọ́n máa ń yìn àgbá níbẹ̀, èbúté ńlá sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Láti ibẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kọjá sí Birgu, tó ṣáájú Valletta lọ́jọ́ orí, tí èrò rẹ̀ kò sì pọ̀.

Wọ́n ní ilé òrìṣà tó ju pyramid Íjíbítì lọ lọ́jọ́ orí wà níbẹ̀. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ġgantija ní Gozo ti wà láti nǹkan bí ọdún 3600 ṣáájú ìbí Kristi. Ìtàn àwọn ará abúlé ni pé obìnrin òmìrán kan tó ń jẹ ẹ̀wà àti oyin ló gbé òkúta rẹ̀ jọ, pẹ̀lú ọmọ léjìká. Bó bá jẹ́ obìnrin tiwa ni, ẹ̀yìn ni ì bá pọ̀n ọ́n sí. Ħaġar Qim àti Mnajdra wà ní Málítà fúnra rẹ̀, lórí òkè tó kọjú sí òkun.

Èyí tó jọ mí lójú jù wà lábẹ́ ilẹ̀: Ħal Saflieni Hypogeum ní Paola, ibi ìsìnkú alájà mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé ló já lu orí rẹ̀ ní 1902. Èémí èèyàn ń ba òkúta náà jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi jẹ́ kó ju èèyàn 10 lọ wọlé lẹ́ẹ̀kan, 80 lójúmọ́. Wọn kì í gba kámẹ́rà láyè. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú pàápàá, ẹ wò ó bóyá àyè ṣì wà, torí ó lè ti tán fún oṣù méjì.

Mdina àti Mosta ńkọ́?

Mdina jẹ́ olú ìlú àtijọ́, ìlú olódi tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ẹ lọ lálẹ́, nígbà tí àwọn onírìn àjò ti lọ tán. Ní Mosta, ẹ wo ihò orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn tí wọ́n ti dí: 9 April 1942, bọ́ǹbù Jámánì já wọlé láàrin àwọn tó ń dúró de ìsìn, kò sì bú.

Báwo ni mo ṣe máa rìn kiri?

Bọ́ọ̀sì dé ibi gbogbo, owó rẹ̀ kò ju bíi yúrò méjì àbọ̀, ẹ sì lè fi tíkẹ́ẹ̀tì kan náà wọ òmíràn láàrin wákàtí méjì. Ẹ lè na káàdì báńkì sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń kún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, awakọ̀ á sì kọjá lára yín láìdúró. Ẹ na ọwọ́ sí i bó bá ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dúró. Bolt wà, ẹ ó lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó ní Èkó.

Láti lọ sí Gozo, bọ́ọ̀sì dé Ċirkewwa, ọkọ̀ ojú omi láti ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìṣẹ́jú 25. Wọn kì í gba owó ní àlọ. Ìgbà tí ẹ bá ń padà lẹ máa san án.

Ní ti kí èèyàn yá mọ́tò, apá òsì ni wọ́n ń wà sí, bí a ti ń ṣe ní Nàìjíríà kó tó di April 1972. Àwọn bàbá wa lè rántí. Mi ò ní gbà yín níyànjú láti wà á ní Málítà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ibẹ̀ kò kéré; Gozo nìkan ló rọgbọ.

Ṣé ṣájà mi máa wọ ihò iná wọn?

Á wọ̀ ọ́. Ẹlẹ́nu mẹ́ta bíi tiwa ni.

Ṣé omi ẹ̀rọ ṣeé mu?

Kò léwu. Omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ ni kò dára. Omi inú ike ni àwọn ará ibẹ̀ náà ń rà.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ? Mọ́sálásí ńkọ́?

Èdè Málítà àti Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń lò, kò sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì yín kò ní ṣiṣẹ́. Ìdílé Lárúbáwá ni èdè wọn ti ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kátólíìkì pọ́ńbélé ni wọ́n. Ẹ sọ "bonġu" láàárọ̀ àti "grazzi" láti dúpẹ́, ojú wọn á là. Mọ́sálásí ńlá wà ní Paola.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí aláwọ̀ dúdú?

Mi ò ní bò ó. Àlejò tó wá náwó kì í sábà rí ìwọ̀sí, àwọn onílé oúnjẹ àti ará abúlé sì lọ́yàyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tanú wà, pàápàá sí àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní April 2019 wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin kan tó wá láti Ivory Coast lójú ọ̀nà Ħal Far. Ẹ lè rí i tí ẹnì kan ń tẹjú mọ́ yín nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà àti físà dání bí ẹ bá ń jáde. Ní Paceville, níbi tí ilé ijó pọ̀ sí, ẹ má bá ọ̀mùtí fa ọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà ìpè.

Ọjọ́ mélòó ló tó, ibo ni kí n sì dé sí?

Ọ̀sẹ̀ kan tó dáadáa. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta péré, kó dúró sí Valletta tàbí Birgu, kó gbàgbé Comino. Sliema dára fún ẹni tó fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ àti bọ́ọ̀sì nítòsí; Mellieħa fún ọmọdé; St Julian's fún ẹni tí kì í sùn lóru. Ẹ fi òru méjì ó kéré tán sí Gozo, kí ẹ má ṣe lọ kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe, torí ìgbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti kó wọn lọ tán ni àwọn ará Gozo ń gbé àga jáde sí ojúde. Ẹ jẹ́ kí òru tó kẹ́yìn bá yín ní Valletta. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà síbẹ̀, bọ́ọ̀sì sì ń lọ síbẹ̀ láti ẹnu odi ìlú.